Ẹni Tó Ń Jí Wọn Sáré

Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ ni àwọn tí wọ́n jọ máa ń sáré láràárọ̀ ti pàdé, kí wọ́n lè yan eré ìje tí wọ́n máa sá lọ́dún yìí. Orí tábìlì tó ti ń gé aṣọ ni wọ́n tẹ́ kàlẹ́ńdà sí, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sàmì sí i. Bíríkìlà mú eré orí afárá, tíṣà mú ti orí òkè. Wọ́n yàn án tán, ẹnikẹ́ni ò bi ìyá aránṣọ léèrè èwo ló fẹ́.

"Èmi ńkọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ẹ ti dàgbà. Ẹ̀yin lẹ máa bá wa ṣọ́ báàgì."

Ìyá aránṣọ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹ wá sọ mí di mẹ́gàádì báàgì! Ta ló ń sáré po àdúgbò yìí kílẹ̀ tó mọ́, tó ń kan ilẹ̀kùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan? Bíríkìlà, ìwọ tó o máa ń sùn bí òkú, ta ló ń pè ọ́ títí ìyàwó ẹ fi máa ń bú mi? Ẹ ò rí àgbà mi nígbà yẹn!"

Ó ká kàlẹ́ńdà náà, ó fi lé tíṣà lọ́wọ́.

"Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, kí báàgì yín máa jí yín."