Èèrà Inú Álíbọ́ọ̀mù

Nígbà tí ìyá ọkọ mi fẹ́ pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, èmi ni mo ní kí wọ́n kó àwọn fọ́tò wọn fún mi, kí n fi ṣe álíbọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Màá gé páálí aláràbarà, màá tò ó léra wọn, èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè, kí n tó lẹ fọ́tò sáàárín. Màá fi léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, màá sì fi ríbọ́nù so táàgì kékeré mọ́ ọn, níbi tí mo máa kọ orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò sí.

Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló tì mí ṣe é. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn baba ńlá ọkọ mi kọ́ nígbà tí wọ́n ti Sàró dé ṣì wà ní Olówógbowó l'Ékòó; ìdílé tó ti kàwé tipẹ́ ni wọ́n. Màámi tó bí mi ní tiwọn, ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìgbín ni wọ́n ń tà ní ọjà Sandgrouse. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí nínú ilé yẹn. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà mọ ohun tó dára.

Gọ́ọ̀mù tí mo rà ń mú kí páálí hun jọ. Màámi ní, "Ṣebí táàṣì la fi ń lẹ ìwé nígbà tiwa." Wọ́n sè é fún mi, ó funfun, ó ń fà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i nínú fídíò kan lórí fóònù pé téèyàn bá da ṣúgà sí i, kò ní sán tó bá gbẹ. Mo da ṣúgà sí i, mi ò sọ fún Màámi. Nígbà tí mo parí, mo fi ọ̀rá wé álíbọ́ọ̀mù náà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di ọjọ́ ìbí.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn, pálọ̀ kún. Màámi jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n káwọ́ lé itan. Ìyá ọkọ mi tú ọ̀rá, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pariwo.

Èèrà ń ya jáde lábẹ́ páálí, ó gba ara ríbọ́nù, ó gun aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀, ó dé apá wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbá álíbọ́ọ̀mù bọ́ sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ sì fọ́n káàkiri.

"Ìyàwó, kí lo fi lẹ nǹkan yìí?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí.

Gbogbo ojú wà lára mi. Kí n tó la ẹnu, Màámi ti dìde.

"Ẹ má bínú. Èmi ni mo sè é. Táàṣì ni."

"Táàṣì kẹ̀!" Àlejò kan rẹ́rìn-ín, àwọn míì sì bá a rẹ́rìn-ín.

Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ń fi etí ìborùn wọn gbọn èèrà kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ mi.

"Ìyá ìyàwó, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kò tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá ọkọ mi wí.

Èmi dúró gbagidi bí òpó. Ọ̀rọ̀ ṣúgà wà lẹ́nu mi, mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo sin Màámi jáde, mo ní, "Màámi, mo da ṣúgà sí i."

"Mo mọ̀ pé ohun dídùn kan wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Èèrà kì í wá lásán." Wọ́n tún ìborùn wọn dà sí èjìká. Mi ò lè wo ojú wọn.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo nu àwọn fọ́tò, mo fi gọ́ọ̀mù ọjà tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ ni mo jẹ́wọ́ fún ìyá ọkọ mi.

"Ojú àwọn tó rẹ́rìn-ín ló yẹ kó o ti sọ ọ́," ni wọ́n wí.

Màámi ò wá sí ilé náà mọ́. Tí wọ́n bá pè wọ́n síbi ọdún, wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn, wọ́n á fi ìgbín ránṣẹ́. Èmi ni mo máa ń jíṣẹ́ orúnkún náà.