Èjìká Pósí Ọ̀gá Mi

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n gé èjìká pósí rí. Mo ti gbòmìnira lọ́wọ́ wọn, mo ti fẹ́yàwó, mo ti bímọ méjì, a jọ ń ṣe káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Bẹ́yẹrúnkà, síbẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti dé ibi èjìká, wọ́n á nawọ́: "Gbé ayùn wá. Ọwọ́ ẹ ti wúwo jù." Inú a máa bí mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ ọ́ síta.

Èjìká ni ibi tí pósí ti fẹ̀ jù, kó tó máa tín-ín-rín lọ síbi ẹsẹ̀. A kì í gé pákó ẹ̀gbẹ́ sí méjì níbẹ̀, títẹ̀ la ń tẹ̀ ẹ́. A ó fi ayùn la ìlà mẹ́fà sínú rẹ̀, kó ku bí ìnípọn kọ́bọ̀ kan kó já. A ó da omi gbígbóná sí i, a ó wá rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ayùn bá wọlé jù, á dá. Bí pákó bá ní kókó, tàbí tí iṣan rẹ̀ ò gùn tààrà, á dá náà.

Nígbà tí àìsàn pa ọ̀gá, wọ́n ti ṣa pákó àfàrà tí a ó fi kan pósí tiwọn sókè àjà tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ní sùn nínú pákó tí ẹlòmíì bá ṣà. Pákó ẹ̀gbẹ́ kò ju méjì lọ, ìsìnkú sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tí mo bá dá ọ̀kan, ó parí nìyẹn.

Mo fi okùn wọn òkú. Mo yí àwọn pákó padà, ni mo bá rí ìlà pẹ́ńsù: mẹ́fà lára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti odindi àwòrán pósí lára pákó ìsàlẹ̀. Háà! Inú bí mi dé góńgó. Òkú ṣì ń gba ayùn lọ́wọ́ mi!

Mo na okùn sórí àwòrán náà níbi èjìká, okùn fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú. Ìgbà tí ọ̀gá ṣì sanra ni wọ́n ti fà á. Mo ní kí n pa á rẹ́, kí n fa tèmi. Ìyàwó wọn tí wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní:

"Má pa á rẹ́ o. Bí ọ̀gá ẹ ṣe tó nìyẹn. Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àìsàn ló ṣe é."

Mo tẹ̀ lé ìlà náà. Mo ń gé, mo ń fi èékánná wo bí ayùn ṣe wọlé tó. Nígbà tí mo tẹ pákó kìíní, ó dún kẹ́-ẹ́, ṣùgbọ́n kò dá. Ìkejì náà tẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́, ẹni tí ì bá mọ̀ ọ́n wò ló kú.

A gbé ọ̀gá sínú rẹ̀, àyè ṣẹ́ kù ní èjìká wọn lọ́tùn-ún lósì. Ìyàwó wọn wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ẹ̀wù iṣẹ́ ọ̀gá tí wọ́n ti fọ̀ wá, wọ́n ká a, wọ́n fi dí àyè apá kan. Apá kejì ṣófo. Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ tèmi tòun ti eruku pákó lára rẹ̀, mo ká a síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bú sẹ́kún.