Igun Òkùnkùn Nínú Fọ́tò Ilé Bàbá Sàlámì

Láyé tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi Sàláúdéènì nìkan ni oní-fọ́tò àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà. Ẹni tó dá sáré kì í ṣe ipò kejì.

Lẹ́ńsì mi ni mo fi ń yangàn. Ojú rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì káló. Níwájú ẹ̀rọ àwọn ará Èkó, ẹ ó dúró títí ọrùn yóò fi gan. Tèmi, kí ẹ tó mí, ó ti parí. Kìkì pé àárín nìkan ló ń rí dáadáa. Bí ó bá ti ń kan etí àwòrán, ojú èèyàn á máa rú, igun á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. N kì í sọ èyí fún oníbàárà. Ọ̀gá kì í tú àṣírí iṣẹ́.

Mo fẹ́ fi Kúlúsúmù ṣaya, ọmọ Bàbá Sàlámì tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Bàbá ti gbà. Ó ku Ìyá Àtọ́kẹ́ tó bí i, ìyàwó tó kẹ́yìn wọlé. Mo ní kí n fi fọ́tò gbogbo ilé wá ojú rere rẹ̀. Mo tò wọ́n bí ọmọlúàbí: Bàbá láàrin, ìyáálé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí kan Ìyá Àtọ́kẹ́ ní ìparí.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà dé, ìyáálé rí ilà ojú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àtọ́kẹ́ gbé e sóòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Sàláúdéènì, ta lo fi èédú kùn báyìí?"

"Ìyá, ẹ̀yin ni. Ẹwà yín ló ju agbára ẹ̀rọ lọ."

Ìyáálé wúkọ́. Ìyá Àtọ́kẹ́ ní:

"Ẹni tí kò rí ìyá lọ́sàn-án gangan, báwo ni yóò ṣe rí ọmọ lálẹ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àga kan ṣoṣo sábẹ́ igi odán, mo fi Ìyá jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí ojú rẹ̀ mọ́ ketekete nínú fọ́tò. Ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ń pòyì bí ẹni ń jó yí ìjòyè ká, òkùnkùn igun sì di férémù. Ó wò ó pẹ́. Ìyáálé ní òun náà fẹ́ irú ẹ̀. Ìyá Àtọ́kẹ́ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ó di ti ìgbéyàwó.

Bí ó ṣe gbà nìyẹn, àmọ́ ó ní òun ni yóò tò wá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fi Kúlúsúmù sáàrin, òun lọ́tùn-ún, ìyáálé lósì. Ó wá nawọ́ sí ìparí fún mi.

"Àna rere kì í bá àgbà du àárín."

Ọ̀rẹ́ mi Adégòkè ló bá mi ṣí ìdérí lẹ́ńsì.

Fọ́tò náà wà lára ògiri mi dòní. Bí àlejò bá ní ọkọ ìyàwó dà, mo máa ń nàka sí fìlà kan nínú òkùnkùn. Àwọn tí ojú wọn dá ṣáká máa ń rí i.