Fèrè Tí Verna Doucette Bèèrè Títí Omi Fi Gbé E Lọ

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí Lucien Gagne tó ń ṣọ́ ẹja ìlú ń wọ́ òkú Verna Doucette jáde láàárín àwọn òkúta ìsàlẹ̀ ìsédò wa ní Tolman Mills, alága àjọ tó ń fún àwọn oníná mànàmáná tó sé odò wa ní ìwé àṣẹ wà nínú gbọ̀ngàn kan lólú ìlú, ó ń kéde fún àwọn àga tó ṣófo pé kò sí ẹni tó ní ohunkóhun lòdì sí ìsédò náà. Òótọ́ ló kúkú sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń lòdì sí i wà lọ́wọ́ Lucien, omi ń kán lára rẹ̀.

Ta ni kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí lóṣù Karùn-ún? Àwọn ẹja tí à ń pè ní alewife á ti inú òkun gòkè wá yé ẹyin, odò á máa dán fún ẹja, gbogbo ìlú á sì kó lọ sétí omi: àwọn kan ń gbọ́n ẹja, àwọn kan ń yan án. Àwọn opó ló kọ́kọ́ ń gba tiwọn. Kí wọ́n tó bí ìyá mi ni ìpín opó ti wà: agbọ̀n ẹja kan fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á. Ẹ wá sọ fún mi, oṣù wo ni àjọ ìwé àṣẹ máa ń mú fún ìjókòó tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ohùn ará ìlú? Oṣù Karùn-ún ni. Verna sọ fún wọn pé ẹja ni gbogbo èèyàn máa ń wà nídìí ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìmọ̀ràn náà, wọ́n sì tún mú oṣù Karùn-ún. Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, wọ́n ní dídákẹ́ tí a dákẹ́ fi hàn pé a gbà. Bí mo bá kanlẹ̀kùn ilé ọ̀gá wọn nígbà tó wà níbi iṣẹ́, tí kò dá mi lóhùn, ṣé kí n wọlé lọ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ni?

Verna ló wa bọ́ọ̀sì iléèwé wa. Ẹnu rẹ̀ kò dáa rárá. Ó máa ń rẹ́ni jẹ nídìí káàdì, ẹ̀wà onísúgà tó máa ń sè ní Sátidé sì dùn débi pé eyín á máa ro èèyàn. Ṣùgbọ́n kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ sínú yìnyín rí. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi lọ sọ́sibítù, ilé rẹ̀ ló gbé mi lọ tààrà, ó gbé abọ́ ka iwájú mi, ó ní, “Jẹun. Má sunkún sínú ẹ̀wà mi o, iyọ̀ tó wà ńbẹ̀ ti tó.” Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn oníná máa ń sé omi mọ́lẹ̀, tó bá di ìgbà tí àwọn ìlú ńlá ń wá iná, ẹnì kan á tẹ bọ́tìnnì láti ọ́fíìsì tó jìnnà réré, omi á sì ya bo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Verna fẹ́ kí wọ́n so fèrè mọ́ ìsédò náà, kó máa dún kí omi tó dé. Mo jókòó tì í nínú ìjókòó tèṣí. Dale Haskell ni alága, ọmọ tiwa, ó wọ bọ́ọ̀sì yẹn dàgbà ni.

“Dale,” Verna ní, “kí n tó gbé bọ́ọ̀sì kúrò lójú kan, mo máa ń fọn fèrè. Ṣé o rántí?”

“Mo rántí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní Alága níbí.”

“Alága tó máa ń bì sí bọ́ọ̀sì mi. Ó dáa, Alága. Kí ló dé táwọn wọ̀nyí ò lè fọn tiwọn kí wọ́n tó da omi lé wa lórí?”

“Iṣẹ́ kékeré ni, mà. Òfin ò fi dandan lé fèrè fún ìsédò tó kéré tó yìí.”

“Ẹni tó bá wá kú síbẹ̀ ńkọ́? Òkú kékeré lẹ máa pè é?”

“Àsìkò yín ti tán, mà.”

“Tìẹ náà ń bọ̀.” Ló bá kó dónọ́ọ̀tì sápò nídìí kọfí wọn, ó ní òun ò ní ti ọ̀dọ̀ ìjọba padà lọ́wọ́ òfo.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó pè mí lójú ọ̀nà, ó ní, “Mi ò lọ síbì kankan mọ́. Gbogbo ọdún tí mo bá lọ pariwo fún Dale, àwọn ẹlòmíì ló ń jẹ ẹja mi. Tọ̀tẹ̀ yìí, mo fẹ́ jẹ ẹ́.” Bó ṣe lọ gba ìpín opó rẹ̀ nìyẹn. Opal Crane, opó bíi tirẹ̀, ló dúró tì í lórí òkúta nígbà tí omi ya dé. Gbòǹgbò igi ni Opal rí dì mú. “Kò sí ariwo kankan,” ó sọ fún mi. “Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo yíjú sí i, mi ò rí i mọ́.”

Àwọn oníná ní pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ó wà lóòótọ́. Òkè ìsédò ló wà, ó kọjú sí adágún, kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ lè rí i kà. Dale fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú, ó pọ̀ débi pé a ò rí pósí mọ́. Mo wá pe àjọ náà lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa fi ikú yìí sí àyẹ̀wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tuntun.

“Ẹ má bínú, sà,” ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní. “A ti parí ìjókòó. Kò sẹ́ni tó wá sọ̀rọ̀ nípa ikú kankan níbẹ̀.”

“Ẹni tí ì bá wá sọ ọ́ ló kú.”

“Ó yé mi, sà. Ṣé kò wá lè rán ẹnì kan ni?”

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni ìwé àṣẹ kan ń lò; bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, a ti wọ ọgbọ̀n ọdún mìíràn láìsí fèrè nìyẹn. Kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì tó pinnu pé omi kékeré kì í pani. Kí wọ́n sì tún ìjókòó náà ṣe, kì í ṣe lólú ìlú, níbí ni, lórí àwọn òkúta ìsàlẹ̀ ìsédò, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Kí Dale Haskell dúró síbi tí Verna dúró sí, kó kọ ẹ̀yìn sómi bí ẹni tó ń gbọ́n ẹja, kó wojú Opal Crane, tó ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ wá gba ìpín rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó ṣàlàyé ìdí tí fèrè kò fi pọn dandan. A ò ní sọ fún un pé àsìkò rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n tó bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, kó lọ so fèrè mọ́ ibẹ̀.