Búréèkì Ìjàpá Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí búréèkì fojú mi rí. Bẹ́ẹ̀ ni o, búréèkì!

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọkọ̀ ìjàpá kan tí wọ́n ti ń wà kí wọ́n tó bí mi. Òun ni wọ́n máa ń gbé láti Adó lọ sí Mísà ní Ìyìn ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ kan, òróró búréèkì ń jò ní táyà iwájú lápá òsì. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ó ní ṣúù búréèkì tó ń di táyà mú nínú dúrọ́ọ̀mù méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ló yẹ ká pààrọ̀, àmọ́ tí mo bá ń kánjú, a lè mánéèjì ẹ̀. Èmi náà sì fẹ́ tètè padà síbi iṣẹ́! Ó tú ṣúù tó ti mu òróró, ó wọ́n bẹntiróòlù sí i, ó ṣáná sí i kí òróró lè jó kúrò, ó fi sánpépà fá a, ó dá a padà. Apá ọ̀tún ńkọ́? A ò tilẹ̀ ṣí i wò. Mo wá sọ fún Bàbá pé gbogbo ẹ̀ ti di tuntun.

Ní Sọ́ńdè, tí èmi àti Bàbá ń lọ sí Mísà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìyìn, ewúrẹ́ kan já sọ́nà. Bàbá tẹ búréèkì. Apá òsì ò mú, ọkọ̀ fà sọ́tùn-ún fìrì, ó di inú gọ́tà! A ò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ Bàbá kàn ń wo ọwọ́ wọn ṣáá. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò mú ọkọ̀ mọ́, kí àwọn má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ṣé mo sọ òótọ́? Ojú tì mí, mo gba kọ́kọ́rọ́!

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bi wọ́n léèrè ọkọ̀, wọ́n á ní arúgbó tí ò mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ ni àwọn. Mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ní tó bá dọ̀la, màá sọ. Bí mo ṣe ń fi dọ̀la dọ̀la, Bàbá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní ká ṣe é bó ṣe yẹ. A fi ṣúù tuntun sọ́tùn-ún sósì, a gbé dúrọ́ọ̀mù méjèèjì lọ fá kí inú wọn lè dọ́gba, a pààrọ̀ rọ́bà tó ń jẹ́ kí òróró jò, a fa gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò nínú òróró. Mo wà á lọ sọ́nà Ìjàn, mo tẹ búréèkì. Ó dúró gbọn-in, kò yà síbì kankan.

Mo gbórí lé sítíárìn, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ń wí pé, “Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín o, èmi ni!” Ta ló ń gbọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Àṣìṣe tẹ́ ẹ bá sì ti jẹ́ kí òbí yín rù, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Kí lẹ̀yin ò tíì sọ fún tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Rárá o, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná.