Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta láti Pàrákú

Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì láàárọ̀ yìí, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ọmọ ọmọ mi ló kọ̀wé sí mi láti Kútọ̀nú: «mama mo ti ri oko». Mo wọ awò ojú mi, mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀. Oko wo? Ṣé oko tí à ń ro ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àbí ọkọ tí mo ti ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún un láti ìgbà tó ti parí ilé ẹ̀kọ́? Mo pè é. Ó ní, «Ọkọ̀ ni, Màmá, mo ti rí ọkọ̀ tí yóò gbé mi wá sí Àjàṣẹ́.» Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo àmì ló wà nínú fóònù yẹn. Èmi arúgbó yìí mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ọ̀rọ̀ gígé yín yìí sú mi, kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi.

Ní àwọn ọdún tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ilé wa wà ní Jẹ̀gán-Kpèví, níbí ní Àjàṣẹ́. Bàbá mi, Sámúẹ́lì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sámù, ń ta aṣọ ní ọjà Wàndó. Àbúrò rẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, tí ìyá mi sì ń pè ní Akọ̀wé, ti ṣiṣẹ́ rí nídìí ẹ̀rọ tẹligráàmù ní ilé pọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin kò mọ tẹligráàmù. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ kíákíá sí ọ̀nà jíjìn ló ń lò ó. Iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ ni yóò sanwó fún, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́hùn-ún ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Ẹ̀rọ àwọn Faransé ni. Kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà.

Iṣẹ́ tán, àrùn ìgékúrú kò tán lára Bàbá Kékeré. Gbogbo àdúgbò ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá a kí ó bá wọn dín in kù. Obìnrin kan wá, ó fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Niamẹ́ pé ibà ń ṣe bàbá rẹ̀, pé atẹ́gùn ti ṣí òrùlé, pé kí ó kí ìyàwó, kí ó sì tètè wálé. Bàbá Kékeré kọ «WA». Obìnrin náà wò ó títí. «Òrùlé ńkọ́?» «Ó wà nínú rẹ̀.» Ó tún máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, kí àwọn ti pọ́ọ̀sì lè kà á sí ẹyọ kan ṣoṣo. Àdúrà oúnjẹ pàápàá, «Bùkún, àmín» ni, a ó sì rí i tó ti ń bu ọbẹ̀.

Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn ti kọ́ ọ ní kíka Yorùbá. Ó ti kìlọ̀ fún bàbá mi àti Bàbá Kékeré pé, «Yorùbá ni kí ẹ máa kọ sí mi. Mi ò fẹ́ kí ará ìta máa ka ọ̀rọ̀ ilé mi fún mi.»

Lọ́dún kan, bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ kó aṣọ lọ sí Pàrákú, wọ́n ní àwọn yóò dé kí ìkórè ìjọ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọkùnrin pọ́ọ̀sì fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri wa. Ìyá mi gba tẹligráàmù náà, ó ṣí i: SAMU KUSIPARAKU MONBOLOLA. Ó ń fi ìka ya lẹ́tà sọ́tọ̀, ó ń kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka Sáàmù. «Sámù kú sí Pàrákú. Mò ń bọ̀ lọ́la.» Àwo ẹ̀wà já bọ́.

Ta ni yóò ronú ohùn mìíràn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin ìjọ ti kún àgbàlá, wọ́n ti yá bẹ́ǹṣì. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá bàbá mi ní Àjàrá pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Ọ̀nà ló ti gbọ́ òótọ́ tí kì í ṣe òótọ́ náà, gbígbé ni wọ́n sì gbé e wọlé. Èmi wọ inú yàrá lọ, mo ki ẹsẹ̀ mi bọ bàtà bàbá mi, mo sì jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá mi.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré dé láti ibùdókọ̀ ojú irin pẹ̀lú iṣu àti ẹyẹ awó, ó ń súfèé. Ó rí bẹ́ǹṣì. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní.

«Mọ̀ Diyé! Ọlọ́run mi! Ta ló kú?»

Ìyá mi dìde. «Akọ̀wé, níbo lẹ gbé òkú rẹ̀ sí?»

«Òkú ta ni?»

«Òkú ẹ̀gbọ́n yín.»

«Ẹ̀gbọ́n mi? Iyán ló ń jẹ nígbà tí mo fi í sílẹ̀!»

Ìyá àgbà pariwo, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Ìyá mi na ìwé náà sí i. Ó gbà á, ó kà á. «Sámù kù sí Pàrákú. Kù! Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tíì dé, ó kù síbẹ̀ dè wọ́n.»

«Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ náà hàn mí nínú ìwé yìí.»

«Ẹ̀rọ kò lè gbé ohùn, ìyàwó wa.»

«Ẹ mọ̀ pé kò lè gbé e, ẹ sì rán an!»

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀ pé, «Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré.» Ìyá mi gba ẹyẹ awó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi lù ú títí ìyẹ́ fi kún àgbàlá.

Nígbà tí bàbá mi dé, ìyá mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dì í mú títí bàbá fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fọ ọwọ́ jẹun. Látìgbà náà, ibikíbi tí bàbá bá lọ, lẹ́tà ló ń kọ, «Mo wà láàyè» ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, kódà láti Kútọ̀nú tí kò jìnnà.

Bàbá mi ṣaláìsí ní tòótọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ilé, lórí ibùsùn rẹ̀. Bàbá Kékeré, tí òun náà ti darúgbó, mú bébà wá láti kọ ohun tí wọn yóò kà ní ilé ìjọsìn. Ó bi ìyá mi pé kí ni kí òun kọ. «Gbogbo rẹ̀. Ẹ má gé nǹkan kan.» Ó kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó dé ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ kọ «kú», ó fi àmì sí i, ó tẹ bíírò mọ́ ọn títí bébà fi ya.

Wọ́n ti palẹ̀ ẹ̀rọ yẹn mọ́ ní ilé pọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ọmọdé ń gbé ohun tó yára jù ú lọ báyìí. Ẹ lè kọ ọ́ bó ṣe wù yín, mi ò lè nà yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé kò tíì yí padà: ó ṣì ń gbọ́ ìró iṣẹ́ tó dé, àyà rẹ̀ ṣì ń já kí ó tó kà á, ohun tí ẹ̀yin bá sì gé kúrò, òun ni yóò fi ìbẹ̀rù ara rẹ̀ dí àyè rẹ̀.