Àṣé "Private" Kọ́ Ló Yẹ Kí N Yàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé mi ní Ìpọ̀nrí. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá dún, àyà mi a kọ́kọ́ já ná!

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa ló máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò fún mi. Obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é, ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ìbéèrè kan bá jò síta lọ́wọ́ mi, ọjọ́ náà niṣẹ́ parí. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáájú mi ti ń ta búrẹ́dì báyìí. Kì í ṣe pé búrẹ́dì ò dáa o!

Nítorí náà, mo ń ṣọ́ra. Páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mi gùn ju oríkì ìdílé wa lọ. Orúkọ tí mo fún fódà ìdánwò ni "MÁ ṢÍ I O". Kí ni kí n tún ṣe?

Àfi bí Bọ̀dá Káyọ̀dé, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ṣe wá bá mi pé ṣé kọ̀ǹpútà òun lè máa lo waifáì mi. Èèyàn dáadáa ni, òun ló máa ń bá mi tan jẹnẹrétọ̀. Mo lè sọ pé rárá? Ṣùgbọ́n Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ wà ní JSS 3 nílé ẹ̀kọ́ Mọ́mì yẹn gan-an!

Mo ní kí n dáàbò bo ara mi kí n tó fún un. Kọ̀ǹpútà bi mí pé irú waifáì wo ni mò ń lò: "Public" ni àbí "Private"? Ìyẹn náà tún le? Ta ni kò mọ "public" l'Ékòó? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ "public" lẹ fẹ́ ni? Ilé ìwòsàn "private", ilé ìwé "private", ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ti géètì. Mo tẹ "Private", mo mí kanlẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, èmi nìkan ni mo wà ní yàrá mi, mò ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kàn dédé jí. Kírrr! Ó tu ìwé kan jáde: "MO TI WỌLÉ RẸ. MO Ń WÒ Ọ́. MÁ SÁRÉ, MO TI TI ILẸ̀KÙN."

Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà!" Bẹ́ẹ̀ ni, mo pe ẹ̀rọ ní sà! Ìwé kejì jáde, ọ̀rọ̀ kan náà. Ìkẹta. Ìkẹrin! Mo já ìwé náà gbà, mo bẹ́ síta tòun ti ṣíbí.

Ta ni mo pàdé? Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ó ń ráhùn pé òun ti ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun tẹ̀wé nígbà mẹ́rin, kò tu nǹkan kan jáde. Mo na ìwé ọwọ́ mi sí i.

"Háà! Ọ̀rọ̀ olè mi rèé!" Àṣé eré tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ ṣe ló ń kọ. Dípò kó bẹ̀ mí, inú rẹ̀ ń dùn. "Àǹtí Bísí, ṣé ó bà yín lẹ́rù? Ó bà yín lẹ́rù gan-an?"

Ẹ̀rù kejì wá gbá mi mú. Bí ìwé tirẹ̀ bá lè gba orí waifáì wọ yàrá mi, ìdánwò mi ńkọ́?

Mo pe Alhája Ràfíátù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yaba. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Káyọ̀dé, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ni "MÁ ṢÍ I O" bá yọjú. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí! Mo ti fi fódà náà sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tí mò ń kó iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ sí tuntun, mo sì gbàgbé.

Alhája bú sẹ́rìn-ín. Ó ní tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé "Private", ohun tó ń wí ni pé ẹbí nìkan ló wà nílé, ẹ máa jẹun nínú abọ́ kan. "Public" ló ń wí pé àárín ọjà la wà, di àpò rẹ mú! "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣílẹ̀kùn tán, ẹ tún bu oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n."

Ó yí i sí "Public", ó ti fódà náà pa, ó sì la ọ̀nà ọ̀tọ̀ lórí waifáì fún Bọ̀dá Káyọ̀dé. Orúkọ ọ̀nà náà ni "Guest". Ni bọ̀dá bá fárí gá. "Guest kẹ̀? Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé ilé yìí, èmi ni mo di àlejò?"

"Bọ̀dá," Alhája dá a lóhùn, "àlejò tó ń rí waifáì lò, kó máa dúpẹ́."

Mo bi Bọ̀dá Káyọ̀dé bóyá ó ti ṣí fódà náà rí. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí òun má ṣí i. Ẹ̀yin náà, ẹ lè gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́?

Mi ò fi pa mọ́ fún Mọ́mì. Mo pè é, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní ọjọ́ Ajé ni ìdánwò, kò sáyè àtiyí i padà mọ́. Bùkọ́lá kì í gbà ju ọgbọ̀n lọ nínú ìṣirò. Bó bá dédé gba ọgọ́rin, kí n má wulẹ̀ pe òun mọ́.

Bí èmi ìyá ọlọ́mọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí ọmọ ọlọ́mọ fìdí rẹmi nìyẹn! Ní Sọ́ńdè, mo rí i tó ń ka ìwé ìṣirò ní kọ́rídọ̀, mo ní, "Bùkọ́lá, wá wo tẹlifíṣọ̀n jàre, ìwé kì í tán." Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Mọ́mì pè. "Méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún."

Mo jó! Mo ń fìdí gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni Bọ̀dá Káyọ̀dé wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí Bísí, ẹ wo ohun tí Bùkọ́lá gbé wálé!" Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró, mo káwọ́ lérí: "Yéè! Èèmọ̀ rèé!"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ ládùúgbò lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fún aládùúgbò ní waifáì, ẹ la ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni waifáì ti fojú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dá Káyọ̀dé gbọ́ ìdí tí mo fi ń jó. Ó rò pé eré ìmárale ni.